Wicca, òògùn àti ẹ̀tọ́ ẹlòmíì: àwọn ìbéèrè tí wọ́n ń bi mí jù ní Ìlọrin

Ìsọ̀ lékulẹ́ja tí ìyá mi fi sílẹ̀ ni mo jókòó tì ní Ìlọrin. Tẹ́lẹ̀, ewé, egbò àti èèpo igi làwọn èèyàn ń béèrè. Láti bí ọdún mélòó kan, àwọn ọ̀dọ́ tó ń wá ti rí nǹkan lórí fóònù wọn, wọ́n á sì fẹ́ ká jọ sọ ọ́. Ìbéèrè kan náà ni, ẹnu ló yàtọ̀. Mo kọ ìdáhùn sílẹ̀ kí n lè rí àyè tajà.

Kí ni wọ́n ń pè ní Wicca? Ṣé àjẹ́ náà ni?

Rárá. Ẹ̀sìn tuntun ni Wicca, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló ti bẹ̀rẹ̀, kò sì tíì pé ọgọ́rùn-ún ọdún tó jáde sí gbangba. Àwọn tó ń ṣe é ń bọ òrìṣà obìnrin kan àti òrìṣà ọkùnrin kan. Àjọ̀dún mẹ́jọ ni wọ́n ń ṣe láàárín ọdún kan, bí oòrùn àti ìgbà ṣe ń yí sí. Wọ́n á tan àbẹ́là, wọ́n á fa ìlà róbótó sílẹ̀, wọ́n á dúró sínú ẹ̀, wọ́n á pe ọfọ̀ tiwọn. Wọ́n sì ń pe ara wọn ní "witch", wọn ò tijú. Ọ̀rọ̀ kan yẹn ló da gbogbo ẹ̀ rú, torí "àjẹ́" la fi ń túmọ̀ rẹ̀ níbi.

Àjẹ́ tí àwa ń sọ, ìyẹn àwọn ìyá, àwọn ẹlẹ́yẹ, kì í ṣe ẹgbẹ́ tí èèyàn ń rí lórí fóònù kó sì wọ̀ ọ́. Wọ́n ní wọ́n máa ń bí i mọ́ni ni, tàbí kí wọ́n fi fúnni jẹ. A kì í jí láàárọ̀ ká lọ dúró láàárín ọjà ká ní "àjẹ́ ni mí." Ọmọbìnrin kan gbọ́ "Wicca" lẹ́nu ọ̀rẹ́ ẹ̀ nísọ̀ mi, ó ní, "Ìkà kẹ̀? Ẹ wá ń fi ìkà ṣe ẹ̀sìn?" A rẹ́rìn-ín títí. Àmọ́ ọmọ yẹn ò ṣìnà. Ibi tí ìkà bá ti lè wọlé nínú ọ̀rọ̀ náà ló yẹ kójú wa wà, yálà àbẹ́là òyìnbó la fẹ́ tàn ni o, tàbí ọṣẹ dúdú la fẹ́ gún.

Ta ló dá a sílẹ̀?

Gerald Gardner ni orúkọ tó máa ń jáde. Wọ́n bí i ní 1884, ó kú ní 1964. Ó ti ṣiṣẹ́ kọ́sítọ̀ọ̀mù ní Malaya kó tó padà sílé. Òfin kan wà nílùú wọn láti 1735 tó ń fìyà jẹ ẹni tó bá díbọ́n pé òun lágbára àjẹ́ tàbí pé òun ń bá òkú sọ̀rọ̀. Òun ni wọ́n fi rán obìnrin kan, Helen Duncan, lẹ́wọ̀n ní 1944. Ìgbà tí wọ́n fagi lé òfin náà ní 1951 ni Gardner tó lè sọ ọ́ ní gbangba. Obìnrin kan tó ń jẹ́ Doreen Valiente ló kọ ọ̀pọ̀ nínú ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń kà níbi ìsìn wọn.

Bí ẹnì kan bá sọ fún yín pé Wicca ti wà láti ayébáyé láìdáwọ́ dúró, ẹ rọra gbọ́. Ó mú nǹkan láti ayé àtijọ́, àmọ́ àná ni wọ́n rán an pọ̀.

Ìlànà wo ni wọ́n ń tẹ̀ lé?

Méjì ló gbajúmọ̀. Èkíní ni èyí tó ní: bí kò bá ti pa ẹnikẹ́ni lára, ṣe bó ṣe wù ọ́. Ó wà nínú ọ̀rọ̀ tí Valiente sọ ní 1964. Èkejì ni pé ohun tí èèyàn bá rán jáde, rere tàbí búburú, ìlọ́po mẹ́ta ẹ̀ ni yóò padà wá bá a. Ní 1974, àwọn kan lára wọn ní Amẹ́ríkà kóra jọ sí ìlú Minneapolis, wọ́n sì gbé ìlànà 13 kalẹ̀.

Kì í ṣe gbogbo "witch" ló gba ìlànà méjèèjì yẹn o. Àwọn kan ò ka ara wọn mọ́ Wicca rárá, wọ́n ń ṣépè, wọ́n sì ní ẹ̀tọ́ àwọn ni. Ẹ má rò pé ẹ ti mọ ìwà ẹnì kan torí ẹ mọ orúkọ tó ń pe ara rẹ̀.

Èmi fẹ́ràn ìlànà àkọ́kọ́, àmọ́ ó rọrùn lẹ́nu ju bó ṣe rọrùn lọ́wọ́ lọ. Ta ló máa sọ bóyá ó pa onítọ̀hún lára? Ṣé èmi tí mo ṣe é ni, àbí ẹni tí mo ṣe é sí?

Ṣé àwọn àgbà tiwa ní irú ìlànà bẹ́ẹ̀?

Ẹni tó da eérú ni eérú ń tọ̀. Àwọn àgbà ò ka iye ìgbà. Wọ́n tún lọ jìnnà ju àwọn òyìnbó yẹn lọ: ẹ̀bù ìkà téèyàn gbìn lè má hù lórí ẹ̀, kó lọ hù lórí ọmọ ẹ̀. Ìlọ́po mẹ́ta tó máa bá èmi fúnra mi, mo lè ní màá fara dà á. Èyí tó máa lọ dúró de ọmọ mi lọ́nà ilé-ìwé ńkọ́? Ìyẹn ló ń dẹ́rù bani.

Nínú Ifá, Odù Ìkà Òfún ló ka àwọn ìkìlọ̀ tí wọ́n fún àwọn àgbà, àkọ́kọ́ ibẹ̀ ni pé kí wọ́n má fi èsúrú pe èsùrù. Ohun téèyàn ò bá mọ̀, kó má ṣe bí ẹni tó mọ̀ ọ́n. Mo máa ń rò pé bí àwọn tó ń kọ́ ayé ní òògùn lórí fóònù bá pa ìkìlọ̀ kan yìí mọ́, ìdajì wọn á pa ẹnu dé.

Ìyá mi kì í kó ewé lé ìwọ̀n tí kò bá tíì béèrè pé, "Kí lo fẹ́ fi ṣe?" Bí oníbàárà bá ń wolẹ̀, ìyá mi á dá ewé padà sínú agbọ̀n, á máa bá aṣọ tó ń rán lọ. Ó lè jókòó bẹ́ẹ̀ títí ẹni náà á fi lọ, tàbí títí á fi sọ òótọ́. Mo ti rí i tó padà láìta ohunkóhun lọ́jọ́ ọjà.

Kí ni ìyàtọ̀ láàárín òògùn funfun àti òògùn dúdú?

Àwọ̀ lásán. Àwa náà ní àjẹ́ funfun, dúdú àti pupa, síbẹ̀ kò sẹ́ni tó máa ń fẹ́ kí funfun bínú sí òun. Ohun méjì ni kẹ́ ẹ máa bi ara yín: ta ni iṣẹ́ yìí máa kàn, ṣé ẹni náà sì mọ̀?

Mùsùlùmí ni mí, tàbí ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì. Ṣé mo lè máa ṣe é?

Ìlọrin Àfọ̀njá, ìlú tóbi tó báyìí kò léégún, ẹṣin leégún ilé wọn, ọ̀kọ̀ lorò ibẹ̀. Ẹni tó dàgbà síbí mọ̀ pé wọn kì í fọ̀rọ̀ ẹ̀sìn ṣeré. Mi ò ní tàn yín. Sihr, ìyẹn idán àti òògùn, wà lára ẹ̀ṣẹ̀ ńláńlá nínú Ìsìláàmù, Bíbélì náà sì sọ̀rọ̀ sí i. Wicca tún ní àwọn tó ń bọ, kò ṣeé dì mọ́ ṣàhádà kéèyàn ní kò sí nǹkan. Àáfà yín tàbí pásítọ̀ yín ni kẹ́ ẹ lọ bi.

Ohun tí mo lè sọ kò ju pé ọ̀pọ̀ tó ń fi àwọn ọmọ yìí bú ló ń mu hàǹtú, omi tí wọ́n fi fọ ọ̀rọ̀ Kùránì kúrò lára wàláà, láàárọ̀, tírà sì wà lọ́rùn ọmọ wọn. Àwọn àáfà fúnra wọn ń jiyàn lórí ìyẹn. Mi ò sọ pé ọ̀kan náà ni wọ́n. Mo kàn ní kí ẹni tó máa ju òkò kọ́kọ́ wo ọrùn ọmọ ẹ̀.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ sì ń gbé lábẹ́ òrùlé òbí yín, ẹ má gbé pẹpẹ sínú yàrá ilé bàbá tí kò mọ̀ nípa ẹ̀. Ilé ẹ̀ ni.

Ṣé òfin ìjọba gbà á?

Penal Code la fi ń dájọ́ ọ̀daràn ní Kwara, bíi gbogbo Àríwá. Criminal Code tí wọ́n ń lò ní Ọ̀yọ́ àti Ọ̀ṣun kọ́. Kwara ò sì sí lára ìpínlẹ̀ 12 tó gbé ṣàríà dé orí ọ̀ràn ọ̀daràn. Abala 216 nínú Penal Code sọ pé ẹni tó bá pe ara ẹ̀ ní àjẹ́, ẹni tó bá fẹ̀sùn àjẹ́ kan ẹlòmíì tàbí tó fi halẹ̀ mọ́ ọn, àti ẹni tó bá ṣe òògùn tàbí tó tà á láti fi dí ẹlòmíì lọ́wọ́ ohun tó lẹ́tọ̀ọ́ láti ṣe, gbogbo wọn ló lè fi ẹ̀wọ̀n tó tó ọdún 2 jura, tàbí kí wọ́n san owó ìtanràn.

Ẹ ka apá tó gbẹ̀yìn yẹn lẹ́ẹ̀kan sí i. Òfin ò bi yín bóyá òògùn náà jẹ́ àbí kò jẹ́. Ohun tó ń wò ni pé ẹ fẹ́ gba ìfẹ́-inú ẹlòmíì lọ́wọ́ ẹ̀.

Lọ́wọ́ kejì, abala 38 Òfin Orílẹ̀-èdè 1999 fún gbogbo wa lómìnira ẹ̀sìn, títí kan ká pààrọ̀ ẹ̀, àmọ́ ó ní òun ò fàyè gba ẹgbẹ́ awo. Lórí ìwé nìyẹn. Àwọn tó wà ní Ìlọrin ní 2023, nígbà tí ọ̀rọ̀ ọdún Ìṣẹ̀ṣe dá àríyànjiyàn sílẹ̀, mọ̀ pé orí ìwé àti ojú títì kì í ṣe ibì kan náà. Ẹ má lọ máa pe ara yín ní "witch" ní gbangba kẹ́ ẹ lè rí ọmọlẹ́yìn lórí TikTok.

Mo nífẹ̀ẹ́ ẹnì kan tí kò rí tèmi rò. Ṣé òògùn ìfẹ́ burú?

Ìbéèrè yìí ló pọ̀ jù, torí náà ẹ jẹ́ kí n jókòó tì í.

Ọmọbìnrin kan dé lọ́jọ́ Jímọ̀ kan, ó ti ń di ọwọ́ ìrọ̀lẹ́. Ó tú ṣẹ́ẹ̀tì ọkùnrin jáde nínú náílọ́ọ̀nù dúdú, ó tẹ́ ẹ sórí itan ẹ̀, ó ń fi àtẹ́lẹwọ́ nà án bí ẹni tó fẹ́ lọ̀ ọ́. Ó ti gé ọrùn ẹ̀ kúrò, ibi tí òógùn ara máa ń gbé sí. Ó ti kọ orúkọ ọkùnrin náà àti orúkọ ìyá ẹ̀ sórí bébà. Mo ní, "Ọmọ mi, ṣé ó mọ̀?" Ó wò mí bí ẹni tí mo bi ní ìbéèrè òmùgọ̀. Ó ní, "Ìyá, tó bá mọ̀, ṣé màá wá síbí?"

Èsì ẹ̀ nìyẹn, ẹnu ara ẹ̀ ló fi sọ ọ́. Bí wọ́n bá di èèyàn lókùn kó tó sọ pé òun fẹ́ yín, ta ló fẹ́ yín? Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń kọ́ni ní Wicca náà ò gbà á. Wọ́n ní kéèyàn má dárúkọ ẹnikẹ́ni, kó kàn tọrọ ìfẹ́ tó bá a mu. Àwa náà ní àwúre tí wọ́n ń ṣe kí ojú rere lè máa bá èèyàn. Orí tara ẹni ni wọ́n ń ṣe é sí. Kò dè ẹnikẹ́ni mọ́lẹ̀.

Tí ẹ bá ní kò sí nǹkan tó ń jẹ́ òògùn, ẹ̀tàn ni gbogbo ẹ̀, ó dáa, ẹ jẹ́ ká sọ ti ikùn. Àwọn èèyàn ń fi nǹkan sínú ọbẹ̀ ọkùnrin. Mo ń ta asofẹ́yẹjẹ, mo mọ ohun tó ń ṣe. Ó ń fa ẹ̀jẹ̀ ríru wálẹ̀, ó sì ń mú ara wọ̀ọ̀. Kẹ́míkà inú ẹ̀ kan náà ni wọ́n fi ṣe oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru ní ọsibítù nígbà kan. Bí ẹni tó ti ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru bá tún lọ jẹ ẹ́ láìmọ̀, ó lè ṣubú lulẹ̀. Hóró ojú ológbò, pupa róbótó tó ní dúdú lójú, èyí tí wọ́n ń sín mọ́ ìlẹ̀kẹ̀: tí wọ́n bá lọ̀ ọ́ tàbí tí wọ́n jẹ ẹ́ lẹ́nu, ìwọ̀nba díẹ̀ lè pa èèyàn. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ra kayanmata, òògùn ìfẹ́ yẹn, lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ta ló sọ ohun tó wà nínú ẹ̀ fún yín? Mi ò ta ohunkóhun tó máa wọ ẹnu ẹni tí kò mọ̀.

Ọmọ náà ká ṣẹ́ẹ̀tì ẹ̀, ó lọ. Ọjà Ìlọrin tóbi.

Ìyá mi ń ṣàìsàn. Ṣé mo lè ṣiṣẹ́ ìwòsàn fún un láìsọ fún un?

Ẹ bi í. Tí kò bá lè sọ̀rọ̀, ẹ bi ẹni tó ń dúró fún un. Ìyá Mùsùlùmí tí ọmọ ẹ̀ ń tan àbẹ́là alárànbarà sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì ẹ̀, tó bá la ojú tó rí i, ẹ̀rù lẹ fi kún àìsàn ẹ̀.

Tó bá ní òun ò fẹ́, ẹ bu omi fún un mu, ẹ gbé e lọ sí ọsibítù, ẹ jókòó tì í. Ìyẹn náà iṣẹ́ ni.

Ẹnì kan gbowó mi lọ. Ṣé mo lè ṣépè fún un?

Nǹkan tó jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yìí le ni pé àwa Yorùbá ò ka èpè sí ìwà ìkà ní gbogbo ìgbà. Ààlè tí wọ́n fi sórí igi ìdáná lóko, èpè ló wà nídìí ẹ̀. Kò wá ẹnì kan lọ. Ó dúró síbẹ̀, gbogbo ayé rí i, ẹni tó bá nawọ́ ló fi ọwọ́ ara ẹ̀ fà á. Mo rò pé ìyẹn ṣeé gbèjà: ìkìlọ̀ ṣáájú ìyà, onítọ̀hún sì ní ànfààní láti yà kúrò.

Èyí tí wọ́n ń ṣe lóru, tí wọ́n dárúkọ èèyàn sí, kò rí bẹ́ẹ̀. Ṣé ẹ dá yín lójú pé òun ló gba owó náà? Lọ́jọ́ kan, obìnrin kan wá wá ohun tó máa fi mú ọmọ ọ̀dọ̀ ẹ̀ tó ní ó jí 15,000 náírà. Mo ní kó lọ tún àpò ẹ̀ tú. Inú Kùránì ẹ̀ ni owó náà wà, níbi tó fi sàmì sí. Ká ní a ti ṣe é, ta ni ì bá jìyà ẹ̀?

Adìẹ dà mí lóògùn nù, mo fọ́ ọ lẹ́yin: àwọn kan ń fi òwe yìí ṣe àwáwí. Ẹ gbọ́ ọ dáadáa, ẹyin ló fọ́, oògùn ò padà sínú ìgò. Ẹ lọ sílé baálẹ̀, ẹ lọ sí ilé-ẹjọ́, ẹ lọ bá mọ̀lẹ́bí ẹ̀. Àwọn "witch" òde òní kan máa ń ṣe iṣẹ́ tí wọ́n ń pè ní dídì, ìyẹn kí wọ́n di ẹnì kan lọ́wọ́ kó má lè pa èèyàn lára mọ́. Mo mọ obìnrin tí ọkọ ẹ̀ ń lù, tó bi mí nípa ẹ̀. Mo gbà á níyànjú pé kó kọ́kọ́ gbé àpò ẹ̀ kúrò nílé náà. Lẹ́yìn ìyẹn, kó di í bó bá ṣe fẹ́, mi ò ní bá a jà.

Ṣé ó dáa kéèyàn máa gbowó?

Ó dáa. Babaláwo ń gba owó ìdáfá, èmi náà ń ta ewé. Ìgbà tó ń bàjẹ́ ni ìgbà tí ẹni tó ń gbowó bá kọ́kọ́ dẹ́rù bani. "Wọ́n ti so ọ́ mọ́lẹ̀, tí o kò bá mú 80,000 wá lónìí, o kú lọ́la." Ẹni tó bá sọ èyí fún yín, ẹ dìde. Tó bá tún ní nǹkan ti yí, ó ku 50,000, ẹ má wulẹ̀ ki í kẹ́ ẹ tó lọ. Ẹni tó mọṣẹ́ máa ń dá iye lé e lẹ́ẹ̀kan, ó sì lè sọ fún yín pé òun ò lè ṣe é.

Wọ́n ní kí n wá orí igún. Ṣé kí n rà á?

Ẹ má rà á. Láti kékeré la ti ń gbọ́ ọ: a kì í pa igún, a kì í jẹ igún, a kì í fi igún bọ orí. Síbẹ̀ orí igún wà lórí àtẹ́, mo sì ti tà á rí, kí n tó mọ̀. Láti 2015 ni IUCN, àjọ àgbáyé tó ń rí sí ìdáàbòbò àwọn ẹ̀dá, ti ka igún tí a mọ̀ jù níbí mọ́ àwọn ẹ̀dá tó kù díẹ̀ kó tán pátápátá láyé, òwò òògùn sì wà lára ohun tó ń pa á. Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, wọ́n máa ń pọ̀ lórí òrùlé ibi ìpẹran. Lónìí, ẹ gbójú sókè kẹ́ ẹ kà wọ́n fún mi.

Akíkà náà bẹ́ẹ̀, ẹranko tó ní ìpẹ́ lára bí ẹja tó sì ń ká bí bọ́ọ̀lù. Ní 2016 ni àwọn orílẹ̀-èdè fẹnu kò pé wọn ò gbọ́dọ̀ tún máa tà á láti ìlú kan sí ìkejì mọ́. Ọ̀pọ̀ iṣẹ́ ló ní ewé tó lè dípò ẹran. Oníṣègùn tó bá ní kò sí, kó lọ wá a.

Ẹ̀yà ara èèyàn ńkọ́?

Ìpànìyàn ni. Ẹ má dá ìbéèrè náà padà síbí. Ẹni tó bá rán yín, ẹ pe ọlọ́pàá fún un.

Ṣé mo lè da Ọ̀ṣun tàbí Èṣù pọ̀ mọ́ Wicca?

Mo ti rí i lórí fóònù: ọmọ òyìnbó kan gbé oyin síwájú àwòrán Ọ̀ṣun, ó ń pè é bí ẹni tó ń pe àbúrò ẹ̀. Inú kọ́kọ́ bí mi. Nígbà tó yá, mo rò ó pé ó kéré tán, ó bọ̀wọ̀, ó gbé oyin kalẹ̀, ó kúnlẹ̀. Àwọn ọmọ tiwa tó ń ya àwòrán Èṣù pẹ̀lú ìwo ńkọ́?

Ifá wà lára ohun ìní àjogúnbá tí UNESCO kà sí ti gbogbo ayé láti 2005, torí náà wíwò kò sí ìdènà. Láti ní ẹ lè dá a láìkọ́ ọ, ìyẹn lẹ fi èsúrú pe èsùrù. Ẹ wá ẹni tó wà nínú ẹ̀ nítòsí. Ní ilẹ̀ Ìgbómìnà, ẹ ò ní rìn jìnnà kẹ́ ẹ tó rí i.

Wọ́n ń pe ìyá wa àgbà ní àjẹ́. Kí ni ká ṣe?

Ẹ tètè gbé e kúrò níbi tí wọ́n ti lè nawọ́ mú un. Ká tó sọ̀rọ̀ òògùn, ká tó sọ̀rọ̀ ẹ̀sìn.

Ní 1951 kan náà tí àwọn òyìnbó fagi lé òfin àjẹ́ nílé wọn, àwọn Àtíńgà, ẹgbẹ́ tó ń ṣọdẹ àjẹ́, tó gba ọ̀nà Dàhòmì wọlé ń yí ilẹ̀ Ẹ̀gbádò ká, wọ́n ń mú àwọn ìyá àgbà, wọ́n ń fi dandan lé e pé kí wọ́n jẹ́wọ́, wọ́n ń gbowó lọ́wọ́ wọn, wọ́n ń wó ojúbọ. Ìgbẹ̀yìn ni ìjọba fi òfin dè wọ́n. Ohun tó máa ń mú mi rò ni pé wọ́n ní ìlú làwọn ń tún ṣe. Nínú gbogbo ìkà tí wọ́n ń fẹ̀sùn ẹ̀ kan àjẹ́, ìkà tí àwọn tó ń fẹ̀sùn kàn ṣe ni ojú rí.

Ní oṣù Keje 2021, ìgbìmọ̀ ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn ti àjọ UN fohùn ṣọ̀kan láti kọ̀ ìwà ìpalára tó so mọ́ ẹ̀sùn àjẹ́. Nílé, abala 216 tí mo ti sọ ṣáájú wà níbẹ̀ fún yín. Ẹ kọ orúkọ ẹni tó sọ ọ́ àti ọjọ́ tó sọ ọ́ sílẹ̀, ẹ mú ẹlẹ́rìí, ẹ lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá. Bí ó bá jẹ́ wòlíì tàbí àáfà ló sọ ọ́, ẹ má bá a jiyàn lójú ìjọ. Ẹ pè é sí ìdákọ́ńkọ́ pẹ̀lú olórí ẹbí.

Ẹ tún wo ìyá náà. Ìyá tó ń dá sọ̀rọ̀ lóru, tó ń jáde láìmọ ibi tó ń lọ, tó ń pe ọmọ ẹ̀ lórúkọ àbúrò ẹ̀ tó ti kú, ọjọ́ ogbó ti lè mú ọpọlọ ẹ̀ rẹ̀ ẹ́. Dókítà mọ ohun tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀.

Mo ti ṣe nǹkan sí ẹnì kan sẹ́yìn. Báwo ni mo ṣe lè yí i padà?

Àwọn kan á tà yín ní ìtúpalẹ̀. Ìtúpalẹ̀ dáa, èmi náà ń ta ewé ẹ̀. Àmọ́ ohun tẹ́ ẹ ṣe sí i láìsọ fún un, tẹ́ ẹ bá tún tú u láìsọ fún un, ẹ ti fi òun náà sílẹ̀ lẹ́yìn lẹ́ẹ̀mejì.

Èmi náà ṣe é rí. Mo wà ní ọ̀dọ́ nígbà náà. Obìnrin kan tó pàtẹ sítòsí wa ń gba oníbàárà mi, mo sì fi nǹkan sí ẹnu ọ̀nà ìsọ̀ ẹ̀ láàárọ̀ kùtù kí ìyá mi tó dé. Ní ọdún yẹn, ọwọ́ ẹ̀ kú lọ́jà, ó kó padà sí Ọ̀fà. Bóyá ohun tí mo ṣe ni, bóyá owó ìsọ̀ tó wọ́n ni, mi ò lè fọwọ́ sọ ọ̀kan. Ọdún mẹ́jọ ni mo fi gbé e mọ́ra. Ìyá mi kú nínú ọdún kẹfà.

Ìgbà tó yá, mo ra obì, mo wọ mọ́tò lọ sí Ọ̀fà. Ó ń ro ẹ̀kọ nígbà tí mo dé, ó ní kí n jókòó. Mo kúnlẹ̀, mo sọ ọ́ látòkèdélẹ̀. Kò dá ọwọ́ dúró lára ọmọrogùn. Nígbà tí mo parí, ó ní, "Mo mọ̀. Ìyá rẹ ti wá kúnlẹ̀ síbi tí o wà yẹn, kí ọdún náà tó parí." Ó sọ ìkòkò kalẹ̀, ó nu ọwọ́, ó gba obì náà lọ́wọ́ mi, ó pa á, ó fún mi ní awẹ́ kan.